Nọ́ńbà Tí A Kò Tà

Sátidé, 4 Oṣù Kẹfà

Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé Kẹ̀kẹ́ Ṣokoléètì lónìí, kẹ̀kẹ́ onínọ́ńbà tí a ń yí láti mọ tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ ẹ̀bùn, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ. Ìyáàfin Quilty, alága wa, ní òun mọ̀ pé mo lágídí, pé agídí gan-an ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ìwé àṣẹ ti dé láti ọ́fíìsì ìjọba ní Sydney, ojú ìwé mẹ́rìnlá. Mo jókòó sínú pikáàpù, mo kà á tán kí n tó wọ àgbàlá ilé ọtí. Ìlú kejì sí wa, ní ìsàlẹ̀ odò, ò ka tiwọn lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gba gbogbo owó tí wọ́n ti kó jọ. Tiwa ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ fi owó yìí rà sí ilé ìwòsàn wa kékeré. Sátidé àkọ́kọ́ Oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa. Bí owó ò bá pé lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ di ti ìlú mìíràn, Àǹtí Ivy, tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, á sì máa rin ọ̀nà Warrigo, níbi tí ẹ̀rọ wà, títí ara rẹ̀ á fi kọ̀ ọ́.

Ọ́ńkù Perc Dallimore, ọkọ Àǹtí Ivy, ló ń yí kẹ̀kẹ́ láti ogójì ọdún. Ó yí i dáadáa lónìí. Eré kẹrin ni wàhálà ti dé. Àwo ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn ni ẹ̀bùn. Kẹ̀kẹ́ dúró sórí 31, a ò sì rí ẹni ra 31. Gbogbo wọn ṣí àkẹtẹ̀ lórí, wọ́n pariwo pé, "Ti Darandaran ni!" Snow tó ni ilé ọtí mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ yọ ẹran ìhà kan nínú àwo, kó gbé e lọ sórí òpó ọgbà lẹ́yìn àgbàlá, bí wọ́n ti ń ṣe fún Darandaran àtijọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi.

"Gbé e padà," mo ní.

"Kí lo wí?"

"Òfin kẹsàn-án. Ẹ̀bùn tí a fi han èrò kí a tó ta tíkẹ́ẹ̀tì, odindi ni ẹni tó bá jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ gbà á."

"Lyle, ẹyọ ẹran kan ni."

"Ìgò ọtí kan ni wọ́n fi gba kẹ̀kẹ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ odò."

Ó wo Ìyáàfin Quilty. Ìyáàfin Quilty ní kó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ni Snow bá kọjú sí ọgbà, ó tẹrí ba bí ọmọ ọ̀dọ̀: "Darandaran, ẹ má bínú o! Akọ̀wé wa tuntun ò tíì jẹun láti àárọ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ́ńkù Perc nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra dé àkẹtẹ̀ rẹ̀.

"Ọmọ," ó ní, "ìwé lo mọ̀."

A tún un yí. 12 ló jẹ ẹ́.

Sátidé, 11 Oṣù Kẹfà

Òtútù. Koríko funfun títí di aago mẹ́wàá. Àgùntàn ti di dọ́là mẹ́rin lọ́jà, owó ọkọ̀ tó máa gbé e débẹ̀ sì ju ìyẹn lọ.

Eré méje la ta. Márùn-ún ló kọ́kọ́ dúró sórí nọ́ńbà tí a kò tà. Kì í ṣe nọ́ńbà kan náà: 8, 44, 19, 60, 23. Ọgọ́ta ni nọ́ńbà ara kẹ̀kẹ́, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni kì í sì í tà nínú eré kan. Òfin ní kí a tún un yí, a sì tún un yí. Lẹ́ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ wọ́n pariwo Darandaran. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹnikẹ́ni ò pariwo.

Túsìdé, 14 Oṣù Kẹfà

Ọjọ́ tèmi láti gbé Àǹtí Ivy lọ sí Warrigo. Kùrukùru bo gbogbo pápá. Àwọn àgùntàn dúró nínú rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, wọn ò jẹko.

"Ṣé o ti rí ẹni fẹ́?" ló fi bẹ̀rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀.

"Rárá."

"Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọbìnrin wo ló máa fẹ́ ẹni tó ń ka òfin fún ẹran?"

Wákàtí kan ààbọ̀ ní àlọ, wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀rọ, wákàtí kan ààbọ̀ ní àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, ó fi orí ti fèrèsé, mo rò pé ó ti sùn.

"Lyle, bí ẹ̀rọ yẹn ò bá wá, lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá, mi ò ní lọ mọ́."

"Lọ síbo?"

"O mọ ibi tí mò ń wí. Ó ti tó mi."

"Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá lọ, ẹ máa kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì."

"Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ mẹ́wàá."

"Màá gbé yín sínú ọkọ̀ fúnra mi."

"Gbìyànjú ẹ̀ wò. Màá bu ọ́ jẹ." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Perc ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo ní mo gbọ́. Mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé mo gbà.

Sátidé, 18 Oṣù Kẹfà

Eré mẹ́jọ. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nínú eré ìkẹyìn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, 5. Orí 5 ló dúró.

Àwọn ajá tó máa ń jà lábẹ́ tábìlì nítorí egungun lọ jókòó létí ọgbà lónìí. Wọ́n tò sórí ìlà kan, wọ́n kọjú sí òpó, ìrù wọn ò mì. Mo súfèé sí tèmi. Kò yíjú.

Sátidé, 25 Oṣù Kẹfà

Wọn ò jẹ́ kí nọ́ńbà kankan ṣẹ́kù. Bí Snow bá ti ké pé, "Ó ku méjì! 14 àti 39!", ọwọ́ mẹ́wàá ló ń dìde. A ta ọgọ́ta tán nínú gbogbo eré, kẹ̀kẹ́ sì ṣe bí kẹ̀kẹ́. Owó ọjọ́ kan ò tíì tó báyìí rí.

"Darandaran ni olùtajà tó dára jù tí ilé yìí tíì ní," Snow wí. "Kì í gba owó oṣù, kì í mutí mi."

Sátidé, 2 Oṣù Keje

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. Noelene tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ra mẹ́rin. Mo bi í léèrè bóyá ó fẹ́ ẹran tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kì í jẹ ẹran mọ́ láti ìgbà tí eyín òun ti kúrò.

Ẹ̀rù là ń tà. Inú mi ò dùn sí i.

Sátidé, 9 Oṣù Keje

Lẹ́yìn eré, Ìyáàfin Quilty pè mí sílé.

"Jókòó. Tíì rèé. Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, màá bínú."

"Ta ni èrè ẹ̀rù yìí máa bá délé?"

Mo fi síbí ro tíì náà.

"Ogójì ọdún ni Perc ti ń yí kẹ̀kẹ́ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló nílò ẹ̀rọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń dúró sórí nọ́ńbà tí a kò tà, èrò á bẹ̀rù, wọ́n á ra gbogbo rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn?"

"Ó ń kẹ̀yìn sí pátákó tíkẹ́ẹ̀tì bí òfin ti wí."

"Snow ń ké nọ́ńbà tó kù sétí gbogbo ayé. Bí ọ́fíìsì bá gbọ́, Lyle, ohun gbogbo lọ."

Mo dìde. Mo sọ fún un pé nígbà tí bàbá mi kú, ọkùnrin yìí ń já igi ìdáná sẹ́yìn ilé wa fún ọdún mẹ́ta, kò kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olè.

"Mi ò sọ pé olè ni," ó wí. "Ọkọ ni mo ní ó jẹ́."

Mi ò mu tíì náà.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Keje

Mi ò mọ bí a ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Mo lọ bá Ọ́ńkù Perc ní ọ̀sán yìí, níbi tó ti ń fi òróró pa irin àárín kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ilé ọtí.

"Ọ́ńkù Perc, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Kò bi mí pé kí ni mò ń wí.

"Pe nọ́ńbà kan."

"Mẹ́tàdínlógún."

Ó yí i. Ahọ́n awọ ń lu ìṣó, taka-taka-taka, ó yípo mẹ́ta gbáko, ó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró sórí 17.

"Òmíràn."

"Mẹ́rìnlélógójì."

44.

"Ẹ lè ṣe é nígbà náà."

"Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti lè ṣe é. Mi ò ṣe é rí níwájú èrò, àfi lẹ́nu ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò. "Mò ń gbìyànjú kó má dúró sórí nọ́ńbà tí a kò tà, Lyle. Mo máa ń fi àtàǹpàkò dá a dúró kó tó débẹ̀. Ó ń gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo ní kó sọ ti Darandaran fún mi, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé.

"Bàbá àgbà mi ni akọ̀wé nígbà ọ̀dá ńlá. Darandaran kan wọlé láti ìwọ̀ oòrùn, màlúù rẹ̀ ti kú tán lójú ọ̀nà. Ó béèrè oúnjẹ. Oúnjẹ ìrànwọ́ wà nílẹ̀, ti àwọn ará ìlú ni. Bàbá àgbà mi ò bá a jà, kò bú u. Ó ṣí ìwé, ó ka òfin fún un. Ọkùnrin náà dúpẹ́. Ó lọ fara ti òpó yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣì dúró síbẹ̀, àkẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ń kí i kọjá. Ọ̀sán ni ẹnì kan tó mọ̀ pé ó ti kú."

"Èmi ò gbà á gbọ́."

"Èmi náà ò gbà á gbọ́," ó wí. "Mo kàn máa ń gbé ẹran náà lọ ni."

Sátidé, 16 Oṣù Keje

Mo ní kí Snow má ké nọ́ńbà mọ́. Mo ní kí Ọ́ńkù Perc jókòó sínú ilé ọtí, kí a ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí Ìyáàfin Quilty fúnra rẹ̀ yí i. Èrò ò mọ nọ́ńbà tó kù, nítorí náà méjì tàbí mẹ́ta ń ṣẹ́kù nínú eré kọ̀ọ̀kan.

Eré mẹ́rin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ́kọ́ dúró sórí èyí tí a kò tà. Nígbà ìkẹrin, mo dúró nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Ahọ́n awọ ń lu ìṣó, mo ń rí i. Kò dún. Mo gbọ́ mímí Ìyáàfin Quilty, mo gbọ́ omi tó ń kán lára páànù, mi ò gbọ́ kẹ̀kẹ́.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tí ààrò jó. "Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí Perc," ó wí. Kò dúró kí eré tán.

Orúkọ Ọ́ńkù Perc ti mọ́. Inú mi dùn títí mo fi rí i pé ẹni tó jẹ ẹ̀bùn ẹran náà ti lọ sílé láì gbé e.

Sátidé, 23 Oṣù Keje

Ẹnikẹ́ni ò wá.

Sátidé, 30 Oṣù Keje

Aláyẹ̀wò dé láti ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Hartnoll, bàtà rẹ̀ ń dán. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí wọn, mi ò mọ ẹni náà. Ó tú kẹ̀kẹ́ kúrò lára irin, ó fi ohun èlò wọ̀n ọ́n, ó ka ìṣó, ó so ó padà. Ó yí i ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, ó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Ó mú gbogbo ọ̀sán.

"Kẹ̀kẹ́ yín mọ́ ju ọwọ́ dókítà lọ," ó wí. "Kò ṣe ojúsàájú nọ́ńbà kankan."

"Ọ̀gá, ẹ ò ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan."

"Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?"

"Gbogbo ọgọ́ta la ò tà lónìí. Ibi tó bá wù ú ló lè dúró."

Ó wò mí pẹ́. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣé ò ń rí oorun sùn?" Lẹ́yìn náà ó bi mí pé kí ló dé tí àwọn ajá jókòó báyẹn. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni.

Sátidé, 6 Oṣù Kẹjọ

Ènìyàn márùn-ún. A ò yí i. Mo dá owó wọn padà.

Àìkú, 14 Oṣù Kẹjọ

Lánàá mo fi owó ara mi ra ẹran ìhà kan, mo gbé e lọ sórí òpó. Mo ní kò sí òfin tó ní kí n má gbé ẹran mi síbi tó wù mí. Lónìí ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹyẹ kannakánná kún orí igi, ọ̀kan ò sún mọ́ ọn. Eèrà ò gùn ún. Àwọn ajá wò mí bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó mú ohun mìíràn wá.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ́ńkù Perc. Ó ní, "Kì í ṣe ẹran ló béèrè nígbà yẹn, Lyle. Ìpín ló béèrè."

Túsìdé, 16 Oṣù Kẹjọ

Warrigo. Àǹtí Ivy ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ti di tẹ́ẹ́rẹ́, òrùka rẹ̀ wà lára okùn lọ́rùn rẹ̀ báyìí.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù?"

"Méjì àti ààbọ̀."

"Ó dára," ó wí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọkọ̀ ò ní pẹ́ dé.

Sátidé, 27 Oṣù Kẹjọ

Ojúlé kan ò ṣẹ́kù tí mi ò kàn lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún wọn pé eré ńlá kan la máa ṣe lọ́jọ́ ìkẹyìn: ìlàjì màlúù àti ẹrù igi ìdáná, dọ́là mẹ́wàá ní tíkẹ́ẹ̀tì kan, àti pé bí a bá ta ogójì ó dín mẹ́ta, owó pé. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ní òun á fún mi ní dọ́là mẹ́wàá náà, kí n má kọ orúkọ òun sórí nọ́ńbà. Òfin ò gbà á. Mo dá a padà fún un, mo sì bínú sí ara mi títí mo fi délé.

Sátidé, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mò ń kọ èyí kí n tó jẹun, kí n má bàa gbàgbé bó ti rí.

Kùrukùru ò ká rárá lónìí. Ní aago méjì ọ̀sán, a ò rí òpópónà láti àgbàlá. Síbẹ̀ wọ́n wá. Wọ́n fara mọ́ ògiri, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hartnoll wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Àǹtí Ivy jókòó nínú àga, kúbùsù lẹ́sẹ̀, ó ń wo ìhà ọgbà. Mo ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó lè ra méjì ra méjì. Mẹ́tàdínlógójì ló tà, gẹ́lẹ́ ohun tí a ń fẹ́. Mẹ́tàlélógún ṣẹ́kù.

Ọ́ńkù Perc kẹ̀yìn sí pátákó. Mo fi ìborùn Àǹtí Ivy di etí rẹ̀. Ó yí i. 14, a ò tà á. Ó tún un yí. 2. Ó tún un yí. 51. 33. 46. Ní ìgbà kẹfà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ìyáàfin Quilty gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. 9. Snow gbà á. 20.

"Ẹ sún," Ọ̀gbẹ́ni Hartnoll wí. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó yí i pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dúró. Kò dún. 40, a ò tà á. Ó tún un yí. 27. Ó wo ìwé tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wọ kóòtù rẹ̀ padà, kò rí ihò bọ́tìnì.

"Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Òfin kọkànlá. Eré tí kò lẹ́ni tó jẹ ẹ́ kí aago márùn-ún tó lù..."

"Owó padà sọ́wọ́ àwọn èrò," mo ní. "Mo mọ̀ ọ́n."

Nígbà náà ni Àǹtí Ivy sọ̀rọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Perc. Ó ti tó. Gbé mi lọ sílé."

Ọ́ńkù Perc rò pé òtútù ló ń mú un. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń gbá kúbùsù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nínú gbogbo àgbàlá yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Mo mú ọ̀bẹ.

"Lyle," Ìyáàfin Quilty wí, "ìwé àṣẹ."

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," Ọ̀gbẹ́ni Hartnoll wí, "ẹ̀bùn tí a ti fi han èrò nìyẹn. Bí o bá gé e, mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ."

"Lyle Teague. Èmi ni mo gé e, kì í ṣe ìgbìmọ̀, kì í ṣe Perc Dallimore. Ẹ kọ ọ́ dáadáa."

"Ó ti ń sọ fún ọlọ́pàá bó ṣe máa kọ ẹjọ́ ara ẹ̀!" Snow wí láti ẹ̀yìn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹkún ló kù díẹ̀ kó jẹ́.

Mo gé ìhà kan, èyí tó dára jù, láti àárín. Mo ṣí àkẹtẹ̀ mi. Láti ibi kẹ̀kẹ́ dé òpó kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ó jìn lójú mi. Àwọn ajá dìde, wọ́n yà sọ́tùn-ún sósì. Igi òpó náà dán ní ìwọ̀n èjìká ènìyàn, bí ibi tí màlúù máa ń fara yún. A kì í da màlúù wá síbẹ̀. Mo gbé ìpín náà lé e. Ohun tí mo sọ níbẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Kò gùn. Mo wí ohun tí mo ṣe, mi ò wá àwáwí.

Nígbà tí mo yíjú padà, gbogbo wọn ti ṣí àkẹtẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hartnoll náà, tó jẹ́ pé fìlà hun-hun ló dé.

"Ẹ yí i, Ọ́ńkù Perc."

Taka-taka-taka. Ọlọ́run, ariwo yẹn! Ọmọdé kan bú sẹ́kún nítorí rẹ̀. Ìyípo mẹ́ta, mẹ́rin, ó ń rọlẹ̀, taka, taka, ta. 52.

Mo wo ìwé. Mo tún un wò. "Noelene," mo ní. "Ilé ìfìwéránṣẹ́."

"Mi ò léyín," ni Noelene ń wí ṣáá, "ẹ̀yin ènìyàn, mi ò léyín!"

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Àìkú, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Kò sí nǹkan kan lórí òpó. Àwọn ajá ti padà sábẹ́ tábìlì, wọ́n ń jà.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́tà dé. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ni wọ́n pè é, Noelene sì ti fọwọ́ sí i pé òun gba ẹ̀bùn bó ti wà. Owó dúró. Èmi ò gbọdọ̀ bá wọn ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni Hartnoll kọ orúkọ mi láì ṣi lẹ́tà kan. "Ọdún márùn-ún!" Snow wí. "A ó rí etí sinmi." Ó sì bu ọtí fún mi, kò gbowó.

Ìyáàfin Quilty ní òun ò mọ ẹni tí òun máa fi rọ́pò mi. Mo ní kó wá ẹni tó lágídí jù mí lọ. Ó ní irú rẹ̀ ò sí, ìlú á tú.

Túsìdé, 18 Oṣù Kẹwàá

Òjò díẹ̀ lánàá, kò tó omi ìfọjú, ṣùgbọ́n ó kàn páànù.

Ẹ̀rọ ti wà ní yàrá tó kọjú sí òpópónà. Àǹtí Ivy ló kọ́kọ́ jókòó sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni láti ilé wọn, Ọ́ńkù Perc sì máa ń dé síbẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, ó ń tún àga tó ti dára tún. Mi ò ní iṣẹ́ kankan ní Túsìdé mọ́. Mo wà nílé, mò ń tún ilẹ̀kùn ilé adìyẹ ṣe, nígbà tí Àǹtí Ivy pè mí lórí tẹlifóònù.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ilé adìyẹ."

"Mo ti kúrò lórí ẹ̀rọ. Gbé ọkọ̀ wá."

"Ká lọ síbo? Ẹ ò nílò Warrigo mọ́."

"Mo mọ̀. Ojú ọ̀nà ti wọ̀ mí lára, Perc ò sì lè wakọ̀ kó má sọ̀rọ̀."

Mo gbé e. A gba ọ̀nà Warrigo bí a ti ń ṣe, oòrùn wà, pápá mọ́ dé ibi tí ojú lè rí i dé. Òrùka rẹ̀ ti padà sí ìka. Ó bi mí bóyá mo ti rí ẹni fẹ́. Mo ní rárá. Ó ní Noelene ṣì ń wá ẹni tó máa bá a jẹ màlúù.

Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ kọjá odò gbígbẹ, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì juwọ́, bí a ti ń juwọ́ sí ẹni tí a mọ̀.

Mo wo ibẹ̀. Koríko ni, àti wáyà, àti ọ̀run, kò sí ẹni tó mú àkẹtẹ̀ lọ́wọ́.

Mo gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn ọkọ̀, bí a ti ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tí a bá pàdé lójú ọ̀nà, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ.